Géèmù àti gìtá orí fóònù: Ta ló ń san owó táwọn ọ̀dọ́ ń wá?

Ọ̀rọ̀ pé èèyàn lè fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ pa owó láì kúrò nílé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó nìkan mọ́. Ó ti wọ ìjọba ìbílẹ̀ Afijió nípìnlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí Fìdítì àti Ìlọrà wà lójú ọ̀nà àtijọ́ tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Lára ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ọ̀dọ́ tó jáde ilé ẹ̀kọ́ tí kò ríṣẹ́ ni pé kó máa gbá géèmù tó ń san owó kírípítò. Tó bá sì jẹ́ ẹni tó mọ gìtá ta ni, wọ́n á ní kó máa fi ta orin táwọn èèyàn ti mọ̀, láì kọrin sí i, kó sì gbé e sórí YouTube.

Lójú ẹni tí kò tíì wádìí, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Dátà ni wọ́n ń jẹ, orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣe wọ́n, dọ́là ni wọ́n sì fi ń ka owó wọn. Ṣùgbọ́n tá a bá tú wọn wò bí oníṣòwò ṣe ń tú ọjà wò, ìyàtọ̀ wọn pọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń fi ìyàtọ̀ náà hàn: ta ló ń san owó náà, kí ló sì ń rí gbà fún owó rẹ̀?

ẸNI TÓ RA ỌSÀN FẸ́ MU ÚN NI

Ẹni tó bá ti gba Fìdítì kọjá rí mọ̀ pé ìlú eléso ni. Ọsàn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti àgbálùmọ̀ ni wọ́n ń tà létí títì fún ọlọ́kọ̀ àti èrò ọkọ̀. Ìlọrà náà, ìlú àgbẹ̀ ni. Ó wà lára ibi tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ọjọ́un dá oko tí wọ́n ń pè ní fáàmù sẹ́túmẹ́ǹtì sílẹ̀ sí, káwọn ọmọ tó jáde ilé ẹ̀kọ́ lè rí ohun tí wọn yóò máa fi ọwọ́ wọn ṣe.

Ẹni tó bá dúró ra ọsàn, ó fẹ́ mu ún ni. Owó tí ìyá ọlọ́sàn gbà, ẹni tó gbádùn ọsàn ló san án. Ìdí nìyẹn tí òwò náà fi ń lọ láti ọdún dé ọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èso tó bá bàjẹ́ lè sọ èrè di gbèsè. Ẹ jẹ́ ká fi òwò ọsàn yìí wo òwò géèmù.

BÍ OWÓ AXIE ṢE WỌLÉ, BÓ ṢE JÁDE

Géèmù tó jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ nípa òwò yìí ni Axie Infinity, tí iléeṣẹ́ Sky Mavis ní orílẹ̀-èdè Vietnam gbé jáde lọ́dún 2018. Àwọn ẹranko kékeré kan ni wọ́n fi ń jà níbẹ̀. Nígbà tí ọjà rẹ̀ gbóná, ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ẹranko mẹ́ta, owó ni wọ́n sì fi ń rà á. Tó bá ń jà tó ń borí, wọn yóò máa fún un ní owó géèmù kan tí wọ́n ń pè ní SLP, tó ṣeé tà fún ẹlòmíì lórí ọjà kírípítò.

Orí blockchain ni wọ́n ń kọ ẹni tó ni ẹranko àti ẹni tó ni owó sí. Ẹni tó bá ti dá àjọ rí á tètè lóye rẹ̀. Ká ní dípò kí alájọ nìkan máa tọ́jú ìwé, gbogbo ẹni tó ń dá àjọ ló ní ìwé lọ́wọ́, tó sì jẹ́ pé bí ẹnì kan bá ti san owó, gbogbo wọn ló máa kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá yí tirẹ̀ padà, ìwé àwọn tó kù máa tú àṣírí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni blockchain ṣe rí, àmọ́ kọ̀ǹpútà ló ń kọ ìwé náà. Ohun tí kò yẹ ká gbàgbé ni pé ìwé lè pé kí àpótí owó ṣófo.

Nígbà tí àrùn Kòrónà dá iṣẹ́ dúró lọ́dún 2020 àti 2021, ọ̀pọ̀ èèyàn ní orílẹ̀-èdè Philippines sọ géèmù yìí di iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Àwọn tí kò lówó ẹranko ń gbà á lọ́wọ́ olówó, wọ́n sì ń pín èrè, bí ẹni tó ń gun ọ̀kadà ọlọ́kadà tó ń jíṣẹ́ owó. Lóṣù keje ọdún 2021, SLP kan kọjá 30 sẹ́ǹtì owó Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá rí 100 lóòjọ́ nígbà náà ti ní dọ́là 30, èyí tó ju ₦12,000 lọ ní iye tí ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là lákòókò yẹn. Bẹ́ẹ̀ ₦30,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà nígbà náà. Ta ni kò ní sáré lọ síbẹ̀?

Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2022, SLP kan náà ti wálẹ̀ dé nǹkan bíi sẹ́ǹtì 1. 100 tó ń mú dọ́là 30 wálé ti di dọ́là 1 péré. Iṣẹ́ kò dín kù, ẹranko kò kú, owó ló lọ. Ìdí rẹ̀ kò le. Ohun tí wọ́n ń fi SLP ṣe jù lọ nínú géèmù náà ni kí wọ́n fi mú ẹranko bímọ, ẹni tuntun ni wọ́n sì máa ń ta ọmọ ẹranko náà fún. Nígbà tí ẹni tuntun ń rọ́ wọlé, owó wọn ló ń gbé àwọn tó ti wà ńlẹ̀ ró. Nígbà tí ẹni tuntun dín kù, SLP kún ọjà láìsí ẹni tó fẹ́ ẹ. Kò dà bí ọsàn tẹ́ni tó rà á máa mu. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ra SLP, torí kí wọ́n lè rí èrè lórí rẹ̀ lọ́la ni.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lóṣù kẹta ọdún 2022, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ Ronin, ìyẹn blockchain tí owó géèmù náà wà lórí rẹ̀, wọ́n sì kó kírípítò tó ju 600 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Ìwé tí wọ́n ní ọ̀pọ̀ èèyàn ń tọ́jú, kọ́kọ́rọ́ 9 péré ló wà fún un, 5 nínú rẹ̀ sì tó láti gbé owó jáde. Àwọn olè náà rí 5 gbà. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, àjọ FBI ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde pé àwọn olè orí kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún Àríwá Korea ló ṣe é.

TÍTẸ FÓÒNÙ GBÒDE NÍ NÀÌJÍRÍÀ

Nílẹ̀ wa, oṣù kejì ọdún 2021 ni báǹkì àpapọ̀, CBN, pàṣẹ pé kí àwọn báǹkì ti àkáùǹtì ẹni tó bá ń ṣòwò kírípítò. Àwọn èèyàn wá ń tà á láàrin ara wọn, láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹnì kejì. Oṣù kejìlá ọdún 2023 ni CBN yí àṣẹ náà padà. Kò pẹ́ sígbà náà tí géèmù títẹ fi gbòde lórí Telegram: Notcoin, TapSwap àti Hamster Kombat. Àwọn yìí kò béèrè owó ìwọlé. Èèyàn kàn ń tẹ ojú fóònù ni, wọ́n sì ń ka kọ́ìnì fún un, pé tó bá dọjọ́ kan, yóò di owó gidi.

Ká sòótọ́, Notcoin pín owó tó ṣeé tà lóṣù karùn-ún ọdún 2024, àwọn kan sì rí nǹkan mú níbẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn fi gbogbo ara lé Hamster Kombat. Nígbà tí wọ́n pín tirẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, èèyàn bíi 131 mílíọ̀nù ni wọ́n ní ó tọ́ sí. Ohun tí irú èrò bẹ́ẹ̀ bá jọ fẹ́ pín, díẹ̀ ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó ti fi oṣù mélòó kan tẹ fóònù ló fi ìbínú sọ pé ohun tó kan àwọn kò tó owó dátà táwọn jó.

Lára iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé fún ẹni tó ń gbá géèmù náà ni pé kó lọ wo fídíò, kó sì dara pọ̀ mọ́ ojúlé táwọn tó ni géèmù bá fẹ́. Ojú èèyàn ni ọjà tó wà níbẹ̀. Ẹni tó ń tẹ fóònù rò pé òun ni ọlọ́jà, láìmọ̀ pé òun gan-an ni wọ́n gbé sórí àtẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ owó orí fóònù ti di ẹkún nítòsí Afijió ni Ìbàdàn. Lóṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn tó kó owó sí CBEX, tó ṣèlérí láti sọ owó di ìlọ́po méjì láàrin 30 ọjọ́, kò rí owó wọn gbà mọ́. Àwọn tínú ń bí ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Òkè-Àdó, wọ́n sì kó ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ lọ. Àjọ SEC, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìdókòwò, kéde pé CBEX kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. CBEX kì í ṣe géèmù, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó yẹ káwọn èèyàn bi í náà nìyẹn: ta ló ń ra ọjà yín?

ORIN NÁÀ NÍ OLÓWÓ

Gìtá kì í ṣe àlejò nílẹ̀ Yorùbá. Ebenezer Obey àti Sunny Adé fi gìtá jùjú lókìkí. Démọ́lá Adépọ̀jù, tó ń ta gìtá tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ta nínú ẹgbẹ́ Sunny Adé, ta á nínú àwo Graceland tí Paul Simon ará Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1986. Kò kọrin níbẹ̀, okùn gìtá ló fi sọ̀rọ̀.

Ọ̀dọ́ tó kọ́ gìtá nínú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Ìlọrà lónìí lè gbé tirẹ̀ sórí YouTube, ṣùgbọ́n wọn kì í sanwó fún ẹni tó bá kàn gbé fídíò síbẹ̀. Kó tó lè ní ìpín nínú owó ìpolówó, ó gbọ́dọ̀ ní èèyàn 1,000 tó ń tẹ̀ lé e, káwọn èèyàn sì ti wo fídíò rẹ̀ fún wákàtí 4,000 láàrin ọdún kan, tàbí kí wọ́n ti wo àwọn fídíò kéékèèké rẹ̀ ní ìgbà 10 mílíọ̀nù láàrin 90 ọjọ́. Tó bá dé ibẹ̀, 55 kọ́bọ̀ ni tirẹ̀ nínú náírà kọ̀ọ̀kan tí ìpolówó inú fídíò gígùn bá mú wá. Ẹni tó ń sanwó hàn kedere: iléeṣẹ́ tó fẹ́ ta ọṣẹ tàbí káàdì ìpè ni. Òun náà rí nǹkan gbà, torí àwọn tó wá gbọ́ gìtá ti rí ọjà rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ni orin. Òfin pín ọ̀rọ̀ orin sí méjì: orin tí ẹnì kan ronú kọ, àti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ẹni tó fi gìtá ta orin olórin ló ni ohùn tó gbà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ni orin náà. YouTube ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Content ID, tó ń ṣàwárí orin olórin nínú fídíò. Ẹni tó ni orin lè ní kí owó ìpolówó fídíò náà máa bọ́ sápò òun, ó lè gbà kí wọ́n jọ pín in, ó sì lè ní kí wọ́n dí fídíò náà pa.

Ìyẹn kì í ṣe ìwà ìkà. Ìjà tó wà láàrin Sunny Adé àti iléeṣẹ́ African Songs ti Olóyè Bọ́lárìnwá Abíọ́rọ̀ láàrin ọdún 1970 sí 1979, lórí owó àwo orin ni, wọ́n sì gbé e dé kóòtù. Ẹni tó kọ orin fẹ́ jẹ lára òógùn rẹ̀, bí àgbẹ̀ ṣe fẹ́ jẹ lára oko rẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti Nàìjíríà, tí ààrẹ fọwọ́ sí lóṣù kẹta ọdún 2023, ní ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin yóò wà títí di ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Èyí jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ohùn orin ìyìn àtijọ́ tó wà nínú ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì ti kúrò lábẹ́ ẹ̀tọ́ náà, ẹnikẹ́ni ló sì lè fi gìtá ta wọ́n bó ṣe mọ̀ ọ́n. Orin ìbílẹ̀ ní ààbò tirẹ̀ nínú òfin kan náà, nítorí náà ó yẹ kéèyàn wádìí lọ́dọ̀ àjọ Nigerian Copyright Commission kó tó fi ṣòwò. Èyí tó sì dára jù ni kéèyàn kọ tirẹ̀ mọ́ ọn, kí òun náà lè di olórin.

ÌṢIRÒ TÓ YẸ KÁ ṢE

Kò yẹ kẹ́nikẹ́ni rò pé gìtá á sọ òun di olówó lọ́sàn-án kan òru kan. Gìtá fúnra rẹ̀ fẹ́ owó, dátà fẹ́ owó, kíkọ́ rẹ̀ sì ń gba ọdún. Owó ìpolówó tó ń ti ọ̀dọ̀ òǹwòran Nàìjíríà wá kì í sábà tó èyí tó ń ti Amẹ́ríkà wá. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé fídíò jáde tí kò ní rí 1,000 tó ń tẹ̀ lé wọn.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ kì í bá ojúlé kú. Fídíò orí fóònù lè di pátákó iṣẹ́ fún un. Ẹni tó wò ó lè wá pè é sí òde ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú, òbí lè mú ọmọ wá kó kọ́ ọ ní gìtá, owó náírà sì lòun yóò gbà, ní ọwọ́ ẹni tó mọ̀ lójú. Bí YouTube bá yí òfin rẹ̀ padà lọ́la, ìka tó mọ okùn ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó fi oṣù mẹ́fà tẹ fóònù, kí ló kọ́ tó lè tà fún ẹlòmíì?

Òfin ìdókòwò tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí lọ́dún 2025 ti fi òwò kírípítò sábẹ́ àjọ SEC, ó sì ka ètò ìlọ́po owó ẹ̀tàn sí ọ̀ràn tó lẹ́wọ̀n nínú. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó kó owó sí géèmù tàbí ojúlé kírípítò, ó yẹ kó kọ́kọ́ wò bóyá SEC mọ̀ ọ́n. Kó béèrè ẹni tó ń ra ọjà náà láti lò ó, kì í ṣe láti tún un tà. Kó sì ṣírò owó dátà àti àkókò rẹ̀ mọ́ owó tó ná.

Bá a bá ń sunkún, à máa ríran. Àìríṣẹ́ lè lé ọ̀dọ́ Fìdítì tàbí Ìlọrà dé orí fóònù, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá béèrè ẹni tó máa sanwó, tí wọ́n sì dá a lóhùn pé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni, kó rántí pé àwọn tó ṣáájú òun sọ bẹ́ẹ̀ nípa òun náà.