Bisikíìtì Alátalẹ̀ Láìlo Àlìkámà

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó fẹ́ràn bisikíìtì. Ìyẹ̀fun àlìkámà ni a sábà máa ń fi ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kan wà tí ara wọn kò gba àlìkámà. Ohun tí ó ń bá wọn jà nínú rẹ̀ ni gúlútẹ̀nì, èyí tí ó ń mú kí ìyẹ̀fun tí a pò máa fà bí rọ́bà. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá jẹ ẹ́, inú lè máa run ún, ó lè máa yàgbẹ́ gbuuru, ó sì lè rù.

Kí ni yóò wá jẹ nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń jẹ bisikíìtì? Ẹ̀gẹ́ kò ní gúlútẹ̀nì rárá. Ní 1987, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fi òfin de kíkó àlìkámà wọ̀lú, àwọn aṣebúrẹ́dì kan po ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ mọ́ tiwọn. Ó ṣòro láti fi ẹ̀gẹ́ nìkan ṣe búrẹ́dì, nítorí búrẹ́dì gbọ́dọ̀ wú. Bisikíìtì kò ní láti wú púpọ̀.

Ẹ má ṣe lo láfún o! A ti rẹ ẹ́, òórùn rẹ̀ yóò sì bo ti atalẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tútù tí a ń sè jẹ ni kí ẹ bó, kí ẹ rin ín, kí ẹ sì fún omi rẹ̀ dànù dáadáa, nítorí oró wà nínú omi náà. Ẹ sá a lọ́jọ́ náà gan-an kí ó má baà kan. Nígbà tí ó bá gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ náà lọ àlìkámà, ẹ wá òmíràn, nítorí ìwọ̀nba tí ó kù nínú ẹ̀rọ tó láti da inú ọmọ náà rú.

Ẹ po ife ìyẹ̀fun 2 mọ́ ìdajì ife ṣúgà, ìdajì ife bọ́tà, ẹyin 1 àti ṣíbí tíì 2 atalẹ̀ gbígbẹ tí a lọ̀. Ẹyin ni yóò so wọ́n pọ̀. Àwọn òyìnbó a máa fi omi ṣúgà dúdú kan sí i, èyí tí ó ṣọ̀wọ́n lọ́jà wa. Ẹ fi oyin ṣíbí ńlá 2 dípò rẹ̀. Bí kò bá sí atalẹ̀ gbígbẹ, ẹ rin tútù sí i.

Bí kò bá sí ààrò ńkọ́? Ẹ ní kí àgbàlagbà kan da iyanrìn sínú ìkòkò ńlá, kí ó gbé e ka iná títí yóò fi gbóná, kí ó gbé páànù bisikíìtì sórí iyanrìn náà, kí ó sì dé ìkòkò. Ní bí ìṣẹ́jú 15, etí bisikíìtì yóò ti pọ́n. Ó máa ń rọ̀ nígbà tí ó bá gbóná, ó sì tètè ń fọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ó tutù kí ẹ tó kó o.