Àkàyé àti Ìrònú Onílàákàyè Nínú Ìdánwò Ìgbaniwọlé: Ojúṣe Olùkọ́ Yorùbá

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Òótọ́ ni òwe yìí nínú ìbánisọ̀rọ̀. Nínú yàrá ìdánwò, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti ṣì lọ́nà, nítorí pé odidi tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ dà kì í ṣe èyí tí àyọkà gbé kalẹ̀.

Ọdún 1978 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ JAMB sílẹ̀. Nínú ìdánwò UTME tí àjọ náà ń ṣe, ìbéèrè 180 ni olùdánwò ń dáhùn lórí kọ̀ǹpútà láàárín wákàtí 2: 60 lórí Lílo Èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Bí a bá pín in dọ́gba, ìṣẹ́jú-àáyá 40 péré ni ó kan ìbéèrè kan. Láti ọdún 2005 ni àwọn yunifásítì sì ti ń ṣe àyẹ̀wò tiwọn lẹ́yìn ti JAMB. Ọmọ tí olùkọ́ ń wá bá nílé ní Àpápá GRA àti ọmọ Ajégúnlẹ̀ tí kì í ráyè kàwé àfi bó bá ti bá ìyá rẹ̀ palẹ̀ ọjà mọ́ ní Bọ́ńdìrì, ìdánwò kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Ohun tí ọmọ kejì kò rí kọ́ nílé, ọwọ́ wa ni ó wà.

Ohun tí a lè fà yọ nínú àyọkà

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìbéèrè àkàyé sábà máa ń gbà wá: ohun tí òǹkọ̀wé sọ ní tààrà, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ bí a ṣe lò ó, àti ohun tí a lè fà yọ. Ẹ̀kẹta yìí ni ó ń ṣòro jù. Nígbà tí mo lọ bẹ akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ kan wò ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ajégúnlẹ̀, àyọkà tí ó kọ sójú pátákó rèé:

Nígbà tí Délé jáde ní òwúrọ̀, omi ti bo ojú ọ̀nà. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó fi bàtà rẹ̀ sọ́wọ́. Kí ó tó dé ibi iṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ ti wà ní ṣíṣí.

Ìbéèrè: Èwo ni ó dájú?
(a) Òjò rọ̀ lóru.
(b) Ọ̀gá Délé bínú sí i.
(d) Ẹnìkan ti ṣí ṣọ́ọ̀bù kí Délé tó dé.
(e) Délé máa ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ ọmọ mú (a). Àwọn mìíràn, tí wọ́n mọ ìwà ọ̀gá dáadáa, mú (b). Ṣùgbọ́n gọ́tà lè kún, páìpù sì lè bẹ́, láìsí òjò. Àyọkà kò sọ ohun kan nípa ìbínú. Pípẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, bí a bá tilẹ̀ gbà pé ó pẹ́, kò sọ pípẹ́ di àṣà. (d) nìkan ni ó dájú. Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ náà kàn sọ pé "Ẹ ò gbà á," ó sì kọjá lọ. Kò bi wọ́n pé, "Níbo ni ẹ ti rí i?" Ìbéèrè yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ náà. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kì í ṣe olódo. Ìgbé-ayé wọn ni wọ́n fi dáhùn dípò àyọkà.

Ìrònú onílàákàyè

Irú àṣìṣe yìí náà ni ó ń bẹ nínú ìbéèrè ìrònú. Ní ọdún 2021, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ìpè orí ẹ̀rọ fún àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí èbúté Àpápá. Ẹ jẹ́ kí á gbà pé gbogbo ọkọ̀ tí ó wọ èbúté ni ó ti gba ìpè. Ọkọ̀ Ṣọlá ti gba ìpè. Ṣé ó ti wọ èbúté? Kò dájú, ó lè ṣì wà lórí ìlà. Ọkọ̀ Bísí kò gba ìpè. Ṣé ó wọ èbúté? Rárá, èyí dájú. Ọmọ tí kò bá rí ìyàtọ̀ náà, kí olùkọ́ fi ohun tí ó mọ̀ rọ́pò rẹ̀: gbogbo ewúrẹ́ ni ó ní ìrù; ajá náà ní ìrù; ǹjẹ́ ajá di ewúrẹ́ bí?

Ìlànà fún kíláàsì

Kí a kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ka ìbéèrè kí ó tó ka àyọkà, kí ó lè mọ ohun tí ó ń wá. Kí ó kíyè sí àwọn ọ̀rọ̀ bíi "gbogbo", "díẹ̀", "lè", "gbọ́dọ̀" àti "àfi", nítorí wọ́n ń yí ìdáhùn padà. Kí ó fi ìka tọ́ka sí gbólóhùn tí ó gbe ìdáhùn rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Kí ó pa ìdáhùn tí ó jẹ́ òótọ́ láyé ṣùgbọ́n tí kò sí nínú àyọkà tì. Àlọ́ àpamọ̀ pẹ̀lú wúlò níbí: ìdáhùn tí ó bá apá kan àlọ́ mu, tí kò bá apá kejì mu, kì í ṣe ìdáhùn.

Ìkádìí

Bí iṣẹ́ yìí bá bẹ̀rẹ̀ nínú kíláàsì Yorùbá, akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé e dé inú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ọgbọ́n kan náà ni. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ yóò máa di odidi nínú ọmọlúàbí. Tiwa ni kí a kọ́ ọ láti yẹ odidi náà wò, bóyá inú àyọkà ni ó ti wá tàbí inú ara rẹ̀.