Bí Ìyá Ọmọ Bá Ń Sunkún

Ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn ọkùnrin sún mọ́ rédíò lónìí. Ọ̀rọ̀ abiyamọ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti obìnrin nìkan.

Bí obìnrin bá bímọ, gbogbo ẹnu ló ń kí i kú ewu. Nígbà tó bá di bí ọjọ́ kẹta, ìyá ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹ bi í pé kí ló dé, kò ní lè sọ. Àwọn kan á ní kò moore, àwọn mìíràn á ní ọwọ́ ayé ni. Ẹ má yára sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà oyún, àwọn èròjà kan máa ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin, ibi ọmọ ló sì ń pèsè púpọ̀ nínú wọn. Bí ibi bá ti jáde, wọ́n á já wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ wá fi ẹ̀jẹ̀ tó dà nù kún un, ọyàn tó ń wú, ojú egbò tó ń ro ó, àti oorun tí kò rí sùn. Ṣé ẹ wá rí i pé ẹkún kò ní jìnnà? Ọ̀pọ̀ abiyamọ ló ń rí i. Kò gba oògùn. Kí ó rí oorun sùn, kí ó jẹun, kí ẹnì kan jókòó gbọ́ ọ. Kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó máa ń lọ fúnra rẹ̀.

Èyí tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì ni ká ṣọ́ra fún. Ọmọ sùn, ìyá kò rí oorun. Oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun. Oníṣòwò ni, ọjọ́ ọjà ń dé, ó ń lọ, kò bèèrè. Ó ń wo ọmọ rẹ̀ bí ọmọ ọlọ́mọ, ó sì ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Àìsàn nìyẹn, bí ibà ṣe jẹ́ àìsàn. Nínú abiyamọ mẹ́wàá, ó lè mú ẹnì kan tàbí méjì. Ó tilẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ ti ń rá. Ó ní ìtọ́jú: ìjókòó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, àti oògùn tí dókítà lè yàn láì já ọmọ lẹ́nu ọyàn.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ dákun, "àwa náà bímọ, a ò ṣe báyìí" ló ń pa aláìsàn yìí lẹ́nu mọ́. Ẹ ní, "Ìyàwó mi, gbé ọmọ wá, lọ sùn." Ọkọ tó bá pọn omi tó sì fọ aṣọ ọmọ kò dín kù ní ọkùnrin.

Àbísínwín yàtọ̀. Òjijì ló máa ń dé, púpọ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Kò sùn lóru, ó ń gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́, ó ní wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun, tàbí ó ń sọ̀rọ̀ ikú. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀. Ẹ má dè é mọ́lẹ̀, ẹ má nà án. Ilé ìwòsàn Jacquot wà ní Kútọnu. Ẹgbẹ́ Saint Camille, tí Grégoire Ahongbonon, ọmọ Benin, dá sílẹ̀, ní ilé ìtọ́jú ní Avrankou, nítòsí Àjàṣẹ́. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, kí ó sọ fún agbẹ̀bí láti inú oyún, nítorí ó lè padà wá.

Nígbà tí ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ ó gbé e lọ gba abẹ́rẹ́. Ọmọ ni wọ́n máa ń wọ̀n, ìyá á kàn dúró. Lọ́jọ́ yẹn, kí ìyá sọ ti ara rẹ̀: "Tàǹtí, ara ọmọ le, èmi ni ọkàn mi ò balẹ̀, mi ò rí oorun sùn." Bí ojú bá ń tì í, kí ọkọ tàbí ìyá ọkọ tó bá a lọ sọ ọ́.