Omi Àmuyíràá Kì í Lé Òkúta Jáde

Àwọn òǹkàwé tó ń ráhùn pé àwọn mu omi títí ikùn fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́, síbẹ̀ tí òkúta tó há sí ọ̀nà ìtọ̀ kò kúrò lójú kan, àṣìṣe kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Wọ́n rò pé ọ̀pá tó ń gbé ìtọ̀ láti kíndìnrín wá sínú àpò ìtọ̀ dà bíi páìpù: bí omi bá ṣáà ti pọ̀, ohun tó dí i á bá omi lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣan ló yí ọ̀pá yìí ká. Gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, ihò rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi mílímítà 3 sí 4 lọ. Ṣe ló ń fún ara rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, tó ń ti ìtọ̀ síwájú, ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ fi ń dé àpò rẹ̀ bí a tilẹ̀ dùbúlẹ̀. Ẹnu ibi tó ti wọ àpò ìtọ̀ ló fún jù, ibẹ̀ sì ni òkúta sábà máa ń há sí. Bó bá ti há, iṣan ibẹ̀ á gbá a mú, ara ọ̀pá á wú, ìtọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn á dúró, kíndìnrín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Fífẹ̀ yìí gan-an ló ń fa ìrora tó ń mú àgbàlagbà yí nílẹ̀. Ọ̀pá tó ti fẹ̀ lókè òkúta kò lè fún ara rẹ̀ dáadáa mọ́, nítorí náà ẹni tó ń da omi mu tipátipá ń dá kún ìrora ara rẹ̀ ni.

Wọ́n á ní, ṣebí dókítà ló ní ká máa mu omi? Òun ni, kí òkúta mìíràn má baà dì ni. Wọ́n á tún ní agbo ló yọ́ ti ẹ̀gbọ́n àwọn. Òkúta tí kò tó mílímítà 5, púpọ̀ nínú wọn ló ń jáde fúnra wọn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó bá ta agbo lásìkò náà ló ń gba ọpẹ́ ọ̀fẹ́. Òkúta tó bá ju mílímítà 10 lọ, ó ṣọ̀wọ́n kó jáde. Òkúta calcium ló wọ́pọ̀ jù, kò sì sí oògùn tó ń yọ́ ọ. Ti uric acid ni oògùn dókítà lè yọ́. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni "ìrora ti lọ, ó ti jáde nìyẹn." Kíndìnrín tí ọ̀nà rẹ̀ dí a máa dín ìtọ̀ tó ń ṣe kù, ìrora á rọlẹ̀, òkúta á ṣì jókòó síbẹ̀, kíndìnrín á sì máa bàjẹ́ lọ láìpariwo. Àfi kí wọ́n tún ya àwòrán rẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ abẹ, lọ́pọ̀ ìgbà wọn kì í la ikùn mọ́. Ojú ibi tí a ń gbà tọ̀ ni dókítà máa ń ki awò tín-ínrín gbà, á gba inú àpò ìtọ̀ gòkè títí yóò fi rí òkúta. Okùn dígí tí kò nípọn tó mílímítà kan á gba inú awò náà, iná lésà ẹnu rẹ̀ á fọ́ òkúta, wọ́n á sì fi agbọ̀n wáyà kékeré kó èérún rẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n sábà máa ń fi rọ́bà kan sílẹ̀ nínú ọ̀pá náà, orí rẹ̀ méjèèjì á ká kò kó má baà yọ̀ kúrò, kí ìtọ̀ lè ráyè kọjá títí wíwú yóò fi lọ. Rọ́bà yìí kì í yọ́, kì í sì í dá jáde. Bó bá pẹ́ jù, òkúta tuntun á dì mọ́ ọn lára, yíyọ rẹ̀ á wá di iṣẹ́ abẹ méjì tàbí mẹ́ta. Síbẹ̀, àwọn kan ti sá fún ilé ìwòsàn nítorí gbèsè, àwọn ilé ìwòsàn kan náà kì í sì í sọ fún aláìsàn pé àwọn fi nǹkan sí i nínú. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ béèrè: ṣé rọ́bà wà nínú mi, ọjọ́ wo lẹ máa yọ ọ́? Ẹ gba ọjọ́ náà ní kíkọ sílẹ̀. Bí ara bá sì ń gbóná tí ìhà ń dun ẹni tó ní òkúta, kó má ra oògùn ibà ní kẹ́mísì. Ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà, kódà bó bá jẹ́ òru.