Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Rímù Tuntun àti Sípésà Lára Ọkọ̀

Ohun ẹ̀yẹ ni ọkọ̀ jẹ́ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàápàá jù lọ lójú àwọn ọ̀dọ́. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá ra ọkọ̀ tòkúnbọ̀, kì í pẹ́ tí yóò fi máa wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà pé ó tínrín, àti pé ó wọnú jù lábẹ́ ara ọkọ̀. Yóò wá rímù tí ó gbòòrò ju èyí tí ó bá ọkọ̀ wá lọ, yóò sì fi sípésà tì í kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè yọ síta, kí ó sì kún abẹ́ fẹ́ńdà. Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí, gbogbo ojú ni yóò máa yìn ín. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó bá kó èrò mẹ́rin, tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì kó sínú kòtò àkọ́kọ́, yóò gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí a bá ń ha ìdí ìkòkò. Táyà ni ó ń ha fẹ́ńdà.

Àwọn kan a máa sọ pé ariwo lásán ni. Kì í ṣe ariwo lásán. Irin pẹlẹbẹ tí a ká sínú ni etí fẹ́ńdà, ó sì mú. Bí ó bá ń gé táyà díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí táyà náà yóò bẹ́ lórí eré, kì í sì í ṣe onímọ́tò nìkan ni ó ń wà nínú ọkọ̀. Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ìjíròrò lórí ọ̀rọ̀ yìí dáhùn: Kí ni sípésà ń ṣe? Báwo ni a ṣe ń ṣírò ààyè tí ó wà? Kí ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò kí ọkọ̀ tó bọ́ sójú títì?

Iṣẹ́ tí sípésà ń ṣe

Àwo irin róbótó ni sípésà, alumíníọ̀mù ni wọ́n sì sábà fi ń ṣe é. Àárín họ́ọ̀bù àti rímù ni a ń fi í sí. Bí ó bá nípọn ní mìlímítà 15, mìlímítà 15 gan-an ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò fi sún síta, kò ní dín, kò ní lé.

Ṣùgbọ́n kí a tó dárúkọ sípésà rárá, ìwọ̀n méjì wà tí a ní láti kà lára rímù. Èkíní ni ìbú rẹ̀, tí a ń fi íǹṣì kọ, bí àpẹẹrẹ 6J tàbí 7.5J. Èkejì ni ìwọ̀n tí a ń fi lẹ́tà ET ṣáájú rẹ̀. ET38 túmọ̀ sí pé ojú ibi tí rímù ti fara kan họ́ọ̀bù fi mìlímítà 38 jìnnà sí àárín gbùngbùn ìbú rímù, sí ìhà ìta. Bí nọ́ńbà yìí bá ti tóbi tó ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe ń wọnú tó. Bí ó bá kéré, ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò yọ síta. Sípésà kò ṣe ju pé kí ó dín nọ́ńbà náà kù lọ. Rímù ET35 tí a fi sípésà mìlímítà 15 sí ti di ET20.

Ìṣirò ààyè

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàbí àlọ́, ẹ jẹ́ kí a fi Volkswagen Golf irú kẹrin, tí wọ́n gbé jáde ní 1997, ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó wọ́pọ̀ ní ojú títì Nàìjíríà. Rímù 6J oní-íǹṣì 15 tí ó ní ET38 ni ó bá ọ̀pọ̀ nínú wọn wá, táyà wọn sì jẹ́ 195/65 R15. Ìbú táyà náà jẹ́ mìlímítà 195, ìlàjì rẹ̀ sì jẹ́ 97.5. Bí a bá yọ 38 kúrò nínú rẹ̀, ó ku 59.5: èyí ni ibi tí táyà yọ dé ní ìhà ìta ojú họ́ọ̀bù. Bí a bá fi 38 kún un, ó di 135.5: èyí ni ibi tí táyà wọnú dé, ní ìhà ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì.

Wàyí o, kí a gbà pé ẹni tí ó ni ọkọ̀ ra rímù 7.5J oní-íǹṣì 17 tí ó ní ET35, ó sì fi táyà 225/45 R17 sí i. Ìlàjì 225 jẹ́ 112.5. Ní ìta, táyà yóò yọ dé 77.5, ní inú, yóò wọ̀ dé 147.5. Kí a tó fi sípésà kankan sí i, táyà ti fi mìlímítà 18 yọ síta ju ti àtijọ́ lọ, ó sì ti fi mìlímítà 12 sún mọ́ ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì.

Níbí yìí ni a ti rí iṣẹ́ gidi tí sípésà wà fún. Bí mìlímítà 12 náà bá mú kí táyà kan ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì, sípésà lè tì í kúrò níbẹ̀. Sípésà mìlímítà 5 yóò fi ìdajì tàbí díẹ̀ sẹ́yìn ìdajì gbà á sílẹ̀ ní inú, yóò sì mú kí ó fi 23 yọ síta ju ti àtijọ́ lọ. Sípésà mìlímítà 12 yóò dá ìhà inú padà sí bí ó ti wà gan-an, ṣùgbọ́n ìta yóò di 30. Ohunkóhun tí ó bá lé lórí èyí, ẹ̀ṣọ́ lásán ni, fẹ́ńdà ni yóò sì san owó rẹ̀. Bí ìhà inú bá sì ní ààyè tó láti ìbẹ̀rẹ̀, a kò nílò sípésà rárá. Ohun tí a bá fún ìta, inú ni a ti yọ ọ́. Kò sí ààyè tí ń ti ojú ọ̀run bọ́.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé gíga táyà pẹ̀lú. Gíga 195/65 R15 jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 634. Ti 225/45 R17 náà sì jẹ́ bákan náà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lè rọ́pò ara wọn. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́jà bá ta 225/50 R17 fún ènìyàn nítorí pé òun ni ó kù ní ìsọ̀, gíga rẹ̀ yóò tó 657. Òkè táyà yóò fi mìlímítà 11 sún mọ́ fẹ́ńdà, ẹ̀rọ tí ń ka eré ọkọ̀ kò sì ní sọ òótọ́ mọ́.

Ààyè tí ojú rí kọ́ ni ààyè

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé a máa ń wo ọkọ̀ nígbà tí ó dúró lófìfo lórí ilẹ̀ títẹ́. Ìka méjì wọ àárín táyà àti fẹ́ńdà, a sì sọ pé ó ti tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí èrò bá kún ẹ̀yìn, tí àpò gààrí sì wà nínú búùtù, ara ọkọ̀ yóò sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá kó sí kòtò, yóò tún sọ̀kalẹ̀ sí i. Táyà iwájú ní tirẹ̀ kì í dúró lójú kan, ó ń yí sọ́tùn-ún sósì, etí rẹ̀ sì ń yọ síta níbi tí a kò fojú sí.

Nítorí náà, a ní láti dán an wò lọ́nà mẹ́ta. Kí a kọ́kọ́ so okùn olójé bíi ti bíríkìlà mọ́ etí fẹ́ńdà, kí a sì wọn ibi tí ó jìnnà sí táyà dé. Kí a fi ẹfun kùn etí fẹ́ńdà nínú, kí a kó èrò àti ẹrù kún ọkọ̀, kí a wà á jẹ́jẹ́ lórí ibi gbágungbàgun, kí a sì yí ìtọ́kọ̀ dé òpin ní apá méjèèjì. Lẹ́yìn náà, kí a gbé ẹsẹ̀ iwájú kan àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ìhà kejì gun ibi gíga lẹ́ẹ̀kan náà, kí ara ọkọ̀ lè wọ́. Bí ẹfun bá lẹ̀ mọ́ táyà níbikíbi, ìdáhùn ti dé.

Bí ó bá ń ha, àtúnṣe tí ó rọrùn jù ni kí a lo sípésà tí kò nípọn tó bẹ́ẹ̀, tàbí kí a yọ ọ́ kúrò. Bí díẹ̀ péré ni ó kù, panẹbítà tí ó mọṣẹ́ lè fi ẹ̀rọ ká etí fẹ́ńdà sókè lẹ́yìn tí ó bá ti fi atẹ́gùn gbígbóná mú ọ̀dà ara rẹ̀ rọ̀. Ẹni tí ó bá fi òòlù lù ú ní tútù yóò fọ́ ọ̀dà, ìpẹtà yóò sì wọlé. Ní ti gígé sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè kúrú, ńṣe ni ó ń mú ìyà náà pọ̀ sí i.

Bóòtù ni ẹ̀mí wà lọ́wọ́ rẹ̀

Bí fẹ́ńdà bá tilẹ̀ láàyè, ewu kan ṣì kù tí kì í pariwo. Golf kò dàbí Toyota tí bóòtù rẹ̀ yọ síta lára họ́ọ̀bù tí a sì ń fi nọ́ọ̀tì dè é. Inú ihò họ́ọ̀bù ni a ń dì bóòtù tirẹ̀ sí. Bí a bá fi sípésà mìlímítà 12 sáàárín, tí a sì lo bóòtù àtijọ́, mìlímítà 12 ti dín kù nínú èyí tí ó di irin mú. Ó lè dàbí ẹni pé ó le dáadáa, kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì yọ lọ́nà Ìbàdàn. Òfin rẹ̀ kò ṣòro: iye mìlímítà tí sípésà fi nípọn ni bóòtù tuntun gbọ́dọ̀ fi gùn ju ti àtijọ́ lọ. Kí a ka iye ìgbà tí bóòtù yí kí ó tó le láìsí sípésà. Iye kan náà ni ó gbọ́dọ̀ yí nígbà tí sípésà bá wà. Bí ó bá sì gùn jù, ó lè kan ohun tí ó wà lẹ́yìn họ́ọ̀bù, nítorí náà kí a fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kí a tó sọ ọ́ kalẹ̀.

Orí bóòtù tún ṣe pàtàkì. Èyí tí Volkswagen ṣe rí róbótó níbi tí ó ti jókòó, ṣùgbọ́n ihò ọ̀pọ̀ rímù tí a ń rà lọ́jà rí bí ẹnu àrọ. Bí a bá fi ọ̀kan sínú èkejì, wọn kò ní jókòó pọ̀, bóòtù yóò sì tú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ihò àárín: ti Golf yìí jẹ́ mìlímítà 57.1. Bí ti rímù bá tóbi ju èyí lọ, kí a wá òrùka tí ó bá a mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n. Kí a fi sípánà oníwọ̀n dè é dé Nm 120, kí a sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn nǹkan bí kìlómítà 50.

Ní Jámánì tí wọ́n ti ń ṣe Golf, ẹni tí ó bá fi sípésà sí ọkọ̀ kò kàn lè máa wà á lọ. Àwọn ayẹ̀wò-ọkọ̀ bíi TÜV ní láti fọwọ́ sí i. Ní Ìlú Ọba, táyà tí ń ha ara ọkọ̀ kò lè yege ayẹ̀wò MOT. Níbi tí kò bá sí ẹni tí yóò béèrè, onímọ́tò àti mẹkáníìkì ni yóò jẹ́ adájọ́ ara wọn. Ìṣirò tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju àròpọ̀ àti àyọkúrò lọ, akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama lè ṣe é lórí pátákó. Kò sí ẹni tí ó ní kí ọ̀dọ́ má ṣe ọkọ̀ rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ohun tí àwọn àgbà wí náà ni pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Eku tí ó bá tóbi ju ìtẹ́ rẹ̀ lọ, ìtẹ́ ni yóò kọ́kọ́ ya, lẹ́yìn náà ni yóò kan eku.