Ìyẹ́ Adìẹ Lọ́wọ́ Ọmọdé: Bí A Ṣe Lè Fi Àdìrẹ Ẹlẹ́kọ Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa

Tí ẹ bá wọ àdúgbò Oníyanrìn, Bẹẹrẹ tàbí Ọjà'ba lónìí, tí ẹ sì bi ọmọ ọdún mẹ́wàá pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ, ó ṣeé ṣe kó dáhùn pé wọ́n ń fi okùn di aṣọ ni, wọ́n á wá rì í bọ aró. Kò parọ́. Àdìrẹ oníko nìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tí Ìbàdàn fi lórúkọ jù ni ẹlẹ́kọ, yíyà ni wọ́n sì ń ya òun. Àròkọ yìí fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ẹlẹ́kọ jẹ́, ìdí tó fi yẹ kí ọmọdé kọ́ ọ, àti bí a ṣe lè bẹ̀rẹ̀.

Kí ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ?

Ẹ̀kọ tó wà nínú orúkọ rẹ̀ ni èyí tí wọ́n fi láfún ṣe. Aládìrẹ á se láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù díẹ̀ títí á fi ki, á sẹ́ ẹ kó má ní kókó, á wá fi ìyẹ́ adìẹ tàbí ọwọ́ ìgbálẹ̀ ya ọnà sí ojú kan aṣọ funfun. Tí ẹ̀kọ bá gbẹ, iṣẹ́ di ti aláró. Òun ló mọ bí a ṣe ń fi ewé ẹ̀lú àti omi eérú ṣe aró. Á rì aṣọ bọ ìkòkò, á yọ ọ́ sá, á tún rì í, títí á fi dú tó bó ṣe fẹ́. Nígbà tí aṣọ bá ń jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló máa ń ní; afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á ha ẹ̀kọ kúrò. Ibi tí ẹ̀kọ wà kò mu aró bí ibi yòókù, ìdí nìyí tí ọnà fi ń hàn ní funfun tàbí ní búlúù fẹ́ẹ́rẹ́.

Ọnà kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ

Gbajúmọ̀ jù nínú wọn fún àwa ará Ìbàdàn ni Ìbàdàndùn. Òpó Gbọ̀ngàn Màpó, ilé tí wọ́n ṣí ní 1929, ni àwọn aládìrẹ yà sí i, wọ́n sì fi ṣíbí sáàárín àwọn òpó náà. Ọnà mìíràn ni Olókun, tí wọ́n sọ lórúkọ òrìṣà òkun. Ìgúnmẹ́rin-ìgúnmẹ́rin ni wọ́n máa ń pín irú aṣọ bẹ́ẹ̀, tí ìgúnmẹ́rin kọ̀ọ̀kan ní àwòrán tirẹ̀. Abala méjì tó bára dọ́gba ni wọ́n sì ń rán pọ̀ di odidi aṣọ. Ẹni tó bá fẹ́ kà sí i lè wá ìwé Adire Cloth in Nigeria, tí Jane Barbour àti Doig Simmonds ṣe olóòtú rẹ̀, tí Institute of African Studies ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ̀ jáde ní 1971.

Ẹ wo àwọn ará Rọ́ṣíà

Ní Gzhel, nítòsí Moscow, wọ́n ní iṣẹ́ ọnà tiwọn tó jẹ́ búlúù lórí funfun. Orí àwo amọ̀ ni wọ́n ń yà á sí. Ọ̀dà tí wọ́n ń lò máa ń dúdú nígbà tí wọ́n bá ń yà á. Inú iná ló ti ń di búlúù. Àmọ́ wọn kò dúró dìgbà tí ọmọ bá tó fi àwo sínú iná kí wọ́n tó kọ́ ọ. Láti ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ti ń fún ọmọ ní búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀dà búlúù àti pépà tí wọ́n gé bí àwo, kó lè fi òdòdó dánra wò. Àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Báwo ni a ṣe lè bẹ̀rẹ̀?

Ohun tó máa kọ́kọ́ rú ọmọ lójú ni pé pẹ́ńsù ti kọ́ ọ pé ibi tí òun bá fà ló ń dúdú. Nínú ẹlẹ́kọ, ibi tó bá yà ló máa funfun. Ibẹ̀ ni kí olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀, kó sì tẹ̀ lé e báyìí:

1. Kí ọmọ fi àbẹ́là funfun ya nǹkan sórí pépà, kó wá fi ọ̀dà búlúù olómi kùn ún. Ohun tó yà á yọ jáde ní funfun. Kò náni lówó púpọ̀, á sì yé e lójú ẹsẹ̀.

2. Kó ká aṣọ funfun kékeré sí méjì, kó tún un ká, títí ojú ìlà á fi pín in sí ìgúnmẹ́rin. Ìṣirò wà nínú èyí.

3. Kó fi ìyẹ́ adìẹ tọ ẹ̀kọ tó ti tutù sórí ìlà, kó sì fi tó-tò-tó kún àárín. Ẹ̀kọ kò ṣeé fi rọ́bà pa, nítorí náà ohun kékeré ni kó máa yà ná.

4. Kí olùkọ́ sọ orúkọ ọnà àti ìtàn rẹ̀ kí ọmọ tó yà á. Ẹ mú wọn lọ wo òpó Màpó fúnra wọn; kò jìnnà sí Oníyanrìn.

5. Àgbàlagbà ni kó rẹ aṣọ. Sódà tí ọ̀pọ̀ ń lò sí aró òde òní máa ń jó ara, kò yẹ lọ́wọ́ ọmọdé.

Ìdí tó fi kàn wá

Bí wọ́n bá ń kọ́ ọmọ ní àdìrẹ lásìkò ìsinmi, oníko ló sábà máa ń jẹ́, torí ó yá. Kò burú. Ṣùgbọ́n okùn kò lè ya òpó Màpó. Bí ọwọ́ tó ń ya Ìbàdàndùn bá tán, a ṣì lè rí aṣọ náà nínú fọ́tò tàbí lórí aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní sí ẹni tó lè ya òmíràn.

Nike Davies-Okundaye, tí wọ́n bí ní Ògìdì ní 1951, kékeré ló ti kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà. Ní 1983 ó dá ibi ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀ láìgba owó. Àwọn àgbà wa ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ jáde wa tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, àyè wà fún un nínú ẹ̀kọ́ CCA. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìyá àgbà tó mọ iṣẹ́ yìí lè wà lágbo ilé yín. Ẹ bi í ní orúkọ àwọn ọnà tó mọ̀, kí ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, kí ẹ sì mú àbúrò yín kan dání lọ.