Funfun Abẹ́ Èèpo Ọsàn

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí kẹ́míkà bá ti kan oúnjẹ, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, pẹ́kítìnì sì ni ẹ̀rí mi. Èròjà yìí, tí Henri Braconnot ará Faransé sọ lórúkọ ní 1825, pọ̀ nínú funfun abẹ́ èèpo ọsàn tí à ń jù nù l'Ayépé nílẹ̀ Ìjẹ̀bú lẹ́yìn tí a bá mu omi rẹ̀ tán. Òun ló ń mú jáàmù dì, bí ògì tí a sè ṣe ń di ẹ̀kọ tó bá tutù. Ó rí bí ẹ̀wọ̀n gígùn tí èròjà kékeré tó ń jẹ́ mẹ́tílì so mọ́ lára. Bí mẹ́tílì bá gba ju ìdajì ojú ẹ̀wọ̀n náà lọ, jáàmù kò ní dì àfi kí ṣúgà inú rẹ̀ tó nǹkan bí 55% kí ó sì kan. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ásíìdì yọ mẹ́tílì náà kúrò títí yóò fi dín sí ìdajì, kálísíọ̀mù díẹ̀ ti tó láti so àwọn ẹ̀wọ̀n náà pọ̀. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà á lè rí jáàmù tí ṣúgà rẹ̀ kò pọ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé àyídà ni yíyọ mẹ́tílì yìí. Rárá o: èso fúnra rẹ̀ ń yọ mẹ́tílì yìí bó ṣe ń pọ́n. Òótọ́ ni pé ó gba ìṣọ́ra, torí bí iná bá pọ̀ jù, ẹ̀wọ̀n náà á já, kò sì ní dì mọ́. Ẹ̀yin onímọ̀ kẹ́mísìrì ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí èèpo yìí ṣòfò.